Àmì aláwọ̀ ewé tó tàn mí jẹ lórí áàpù sólà

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jí wo áàpù sólà mi láràárọ̀. Àmì aláwọ̀ ewé ni mo máa ń bá níbẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀, màá gbé fóònù sílẹ̀. Àṣé ìdajì páànẹ̀lì orí òrùlé mi ni kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀wọ́ páànẹ̀lì méjì ni mo ní. Ibi tí wọ́n ti so wáyà ọ̀wọ́ kejì pọ̀ ti tú, omi òjò sì ti wọ̀ ọ́. Àpapọ̀ iná ojúmọ́ nìkan ni áàpù ń fi hàn mí, inverter ò sì ka ọ̀wọ́ tí kò mú nǹkan wá sí àìsàn. Bí iye yẹn ṣe ń wálẹ̀, mo ní ojú ọjọ́ ló ṣú. Ọjọ́ tí mo lọ tẹ ojú kékeré tó wà lára inverter fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án gangan ni mo rí i: PV1, ìyẹn ọ̀wọ́ kìíní, ámpíà 7.8, PV2, ọ̀wọ́ kejì, 0.0. Mo tún un wò. Òdo náà ò mira.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ tí ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ sólà ni pé, ṣé yóò fi ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan hàn mí lọ́tọ̀? Èyí tí ń fi páànẹ̀lì kọ̀ọ̀kan hàn náà wà, fún ẹni tó bá lo microinverter (inverter kékeré tí wọ́n ń so mọ́ páànẹ̀lì kọ̀ọ̀kan) tàbí optimizer (ẹ̀rọ kékeré tó ń bójú tó iná páànẹ̀lì kọ̀ọ̀kan). Ó wúlò níbi tí igi bá ti ń ṣíji bo páànẹ̀lì. Èmi ò nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ router ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Inverter tí mo ní kí wọ́n máa bá mi ṣọ́ náà ló ń fún router níná! Lóru ọjọ́ kan, bátìrì tán, inverter kú, router kú tẹ̀lé e, áàpù sì ṣì ń sọ fún mi pé bátìrì ku ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tó gbà kẹ́yìn ló gbé dání. Ẹ wo èyí tí ń kọ àkókò tí ìròyìn dé kẹ́yìn sí ojú rẹ̀ gbàǹgbà, tí yóò sì ta yín lólobó bí ilé bá dákẹ́ fún wákàtí kan. Mo ti ra bátìrì kékeré fún router lọ́tọ̀. Ẹ tún rántí pé Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ̀. Bí router yín bá jẹ́ 5 GHz nìkan, wọn ò ní ríra.

Ìdá bátìrì yẹn pàápàá, ẹ má tètè gbà á gbọ́. Fóltéèjì LiFePO4, irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń lò fún sólà, kì í fẹ́ẹ̀ yẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 90 títí dé nǹkan bí 20, nítorí náà inverter tó bá ń ti ara fóltéèjì mọ̀ ọ́n, ìméfò ló ń ṣe. Kí wáyà ti inú BMS bátìrì (ẹ̀rọ inú bátìrì tó ń ṣọ́ ọ) wọ inverter, tàbí kí wọ́n fi shunt (ẹ̀rọ tó ń wọn iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde) sí i.

Orúkọ ta ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì? Email ẹni tó bá mi so sólà ni wọ́n fi ṣí tèmi. Nígbà tí n ò rí i pè mọ́, n ò lè yí password padà, bẹ́ẹ̀ òun ṣì lè jókòó síbikíbi kó yí inverter mi sí bó ṣe wù ú. Ẹ ní kí wọ́n fi email tiyín ṣí i níṣojú yín.

Ilé-iṣẹ́ tó ni server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù ti ń gba ìròyìn, náà lè kógbá sílé. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá pa 3G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù àtijọ́, lọ́dún 2022, ẹ̀rọ tó ń fi 3G nìkan ránṣẹ́ di adití. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà pa íntánẹ́ẹ̀tì lójú yín, kó wá fi ohun tí ẹ ṣì lè rí nínú ilé hàn yín.