Torn ti Natalie Imbruglia, orin tí ò gbó

DJ ibi ìnáwó kan n'Íkẹ̀rẹ́ ló fi Torn há àárín jùjú, àwọn màmá ò tiẹ̀ jókòó, wọ́n ń jó o lọ ni. Ọmọ Ọsirélíà ni Natalie Imbruglia tó kọ ọ́ lọ́dún 1997, eré Neighbours orí tẹlifíṣàn la kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ló ni orin ọ̀hún, irọ́ ni o, ẹgbẹ́ Ednaswap l'Amẹ́ríkà ti gbé e jáde ṣáájú, kódà Lis Sørensen, olórin ọmọ Denmark, ti fi èdè wọn kọ ọ́ ní 1993. Ti Ednaswap yẹn, gìtá ẹ̀ le jù fún mi jàre, ti Natalie ló rọ̀, ohùn ẹ̀ bí ẹni tó sunkún tán tó wá ń rojọ́. Ipò kejì péré ló dé lórí àtẹ orin UK, ṣùgbọ́n ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ.