Lose, loose, lend, borrow: ohun tójú mi rí nídìí kọ̀ǹpútà l'Ágbádárìgì

Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án tí mo ti ń bá èèyàn tẹ létà nínú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agbálátà, mo sì gbà pé òyìnbó mi dá múṣé, àfìgbà tí màmá kan tó ń ta àgbọn wá bá mi pé kí n kọ létà fáwọn sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn. "Kọ ọ́ pé mo fẹ́ yá 200,000 náírà." Kíá ni mo tẹ̀ ẹ́: I want to lend the sum of 200,000 naira. Wọ́n mú un lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n padà dé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọn ò jókòó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ka létà yẹn sókè nínú mítìnnì, ó ní kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún Ìyá Alágbọn tó fẹ́ yá ẹgbẹ́ lówó, kí wọ́n gbé owó ọ̀hún wá káwọn kà á! Ọ̀fẹ́ ni mo tún un tẹ̀, ojú ò jẹ́ n gbowó.

Ṣé ẹ rí i, yá kan náà la ní. Mo yá a lówó, mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀, "lọ́wọ́" yẹn ló ń jẹ́ ká mọ apá ibi tí owó gbà. Ti òyìnbó kọ́ nìyẹn, ẹni tówó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ ló lend, ẹni tó gbà á ló borrow. Kọ́ náà rí bẹ́ẹ̀, mò ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́, a wá ń gbọ́ "he learned me the work" káàkiri ìgboro níbi tó yẹ kó jẹ́ taught. Ní báyìí, kí n tó tẹ lend, màá kọ́kọ́ bi oníbàárà pé ọwọ́ ta lowó ti ń jáde.

Ti ohùn ló wá le jù. A ò ní z nínú ábídí wa, a ò ní v. Z ló gbẹ̀yìn lose lẹ́nu òyìnbó, s ló gbẹ̀yìn loose, lẹ́nu tiwa ọ̀kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni advise àti advice, save àti safe, believe àti belief. Ohun tẹ́nu ò yà sọ́tọ̀, ọwọ́ ò ní yà á.

Ọmọ Ègùn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló là mí lójú. Mo ti tẹ háńbíìlì 500 fún ṣọ́ọ̀ṣì kan, DO NOT LOOSE HOPE gàdàgbà lókè, kọ̀ǹpútà ò sì fàlà pupa sábẹ́ ẹ̀ torí loose náà ọ̀rọ̀ gidi ni. Ọmọ yìí mú ọ̀kan, ó wò ó, ó ní, "Bọ̀dá, ta ló so hope mọ́lẹ̀ tí wọ́n ní ká má tú u?" Háà. Lose ni kí nǹkan sọnù, loose ni èyí tó dẹ̀ tàbí tí wọ́n tú sílẹ̀. Mo ní báwo lo ṣe tètè mọ̀ ọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin Yorùbá tẹ́ ẹ máa ń pe Zangbeto, eégún àwọn, ní Sàǹgbétò. Z àti v wà nínú èdè tiwọn, vi ni wọ́n ń pe ọmọ, mo gbìyànjú ẹ̀, fi ló ń bọ́ sílẹ̀.

Òun náà ló ní kí n fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun mi. Ẹ dán an wò, ẹ ní "sssss", kò sí nǹkan kan, ẹ ní "zzzzz", á máa gbọ̀n lábẹ́ ìka yín bíi jẹnẹrétọ̀. Tó bá gbọ̀n, advise ni, ìyẹn kéèyàn gba ẹnìkan nímọ̀ràn. Tí ò bá gbọ̀n, advice ni, ìmọ̀ràn fúnra ẹ̀, ẹ má sì fi s kún un pé advices, ó ń bí mi nínú. (Practice àti practise ò ṣeé fọ̀fun mọ̀ o, ìró kan náà ni wọ́n, òyìnbó Bìrìtìkó ń fi c kọ èyí tó jẹ́ orúkọ, ó ń fi s kọ èyí tó jẹ́ ìṣe, ará Amẹ́ríkà ń fi c kọ méjèèjì.)

Live àti leave náà rèé, i wa ò pé méjì. Live ni kéèyàn máa gbé ibì kan, leave ni kó kúrò níbẹ̀, mo sì ti rí "I am leaving in Badagry" nínú CV tí iye wọn ò lóǹkà.

Èmi náà tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọdún mẹ́rin ni sáìnbọ́ọ̀dù mi fi ń jẹ́ Photocopy & Stationary. Stationary ni ohun tí kò kúrò lójú kan, lóòótọ́ ṣọ́ọ̀bù mi ò rìn, ṣùgbọ́n ìwé àti bírò ni mò ń tà, e ló yẹ kó wà níbẹ̀, stationery, e ti envelope. Mo pe ẹni tó kọ ọ́ pé kó wá tún un ṣe. Ó dúró lórí àkàbà pẹ̀lú bírọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ó dá yín lójú? Torí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo ti wo tiyín kọ ọ́ fún."