Títún mọ́tò tílìtì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ifẹ̀

Ilé-Ifẹ̀ jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ọ̀nà Òǹdó ń já sí Òrè, Òrè ń já sí Òkìtìpupa, ẹ̀yìn Òkìtìpupa ni Ìgbókòdá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi pọ̀ sí. Ọmọ Ifẹ̀ tàbí ọmọ Iléṣà tó bá ní ọkọ̀ sí etí omi lọ́hùn-ún lè gbé mọ́tò tílìtì tó kú wọ ọkọ̀ èrò Òǹdó, kó gbé e wálé fún rewáyà tirẹ̀, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Mọ́tò yìí, tó ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè kúrò nínú omi tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹbí kíkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, ìyẹn mọ́tò tó ń jí ẹ́ńjìnnì. Bátìrì 12 volt ló ń lò, ó ní kábọ̀n tó ń gbé iná wọnú apá tó ń yí, ó ní armature, ìyẹn apá tó ń yí náà. Rewáyà tó bá mọ kíkì Camry tú, tó tò ó padà tó sì ṣiṣẹ́, á mọ èyí náà tú. Ibi tí wọ́n ti máa ń kùnà ni ọ̀rọ̀ omi, torí kíkì mọ́tò ilẹ̀ kì í wọ odò. Mọ́tò tí ẹ tún ṣe tán tí ẹ kò dí ojú ibi tí omi ń gbà wọ inú rẹ̀, owó yẹn ti wọmi.

Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tó ti pẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, àwọn 90, 115, 150 horsepower. Àwọn kékeré tó jẹ́ pé ọwọ́ ni apẹja fi ń gbé e sókè, kò kàn wọ́n.

Ẹ má tíì mú sípánà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìgbésókè, kí ẹ fetí sílẹ̀. Bí rilé, ìyẹn swíìṣì tó ń fi iná ránṣẹ́ sí mọ́tò, bá dún "kó" tí mọ́tò dákẹ́, ẹ gbé mítà. Bátìrì tó kún yẹ kó wà ní nǹkan bí 12.6 volt nígbà tí ohunkóhun kò lò ó. Ẹ wá ibi tí wáyà mọ́tò ti so mọ́ wáyà ẹ́ńjìnnì. Lórí Yamaha, wáyà aláwọ̀ sánmà ni ti ìgbésókè, aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ ni ti ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ fi mítà sáàrin méjèèjì, kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì. Bí iná tó ju 11 volt bá dé ibẹ̀ tí mọ́tò kò mira, mọ́tò ló jẹ̀bi. Bí iná kò bá dé ibẹ̀, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀, kí ẹ lọ wo fíúsì, rilé, bọ́tìnnì àti wáyà tí iyọ̀ ti jẹ.

Níbi rilé ni owó ti ń ṣòfò jù. Mọ́tò oníwáyà méjì kò ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Rilé méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́, nígbà tí a kò bá sì tẹ nǹkan kan, rilé méjèèjì ló so wáyà tirẹ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Bí a bá tẹ ìgbésókè, rilé ìgbésókè á fò sí pọ́sítíìfù, rilé ìsọ̀kalẹ̀ á dúró sójú ẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni iná á sì gbà padà sí bátìrì. Nítorí náà, bí ojú ẹ́ẹ̀tì rilé ìsọ̀kalẹ̀ bá jó, ẹ́ńjìnnì kò ní lè gòkè mọ́, síbẹ̀ yóò ṣì máa sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò mọ èyí á ra rilé ìgbésókè tuntun, á fi sí i, kò ní ṣiṣẹ́, á wá ní mọ́tò ti jó. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rilé méjèèjì síra wọn ná, ọ̀fẹ́ ni.

Oníwáyà mẹ́ta yàtọ̀. Wáyà dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, àwọn méjì yòókù ni pọ́sítíìfù, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ilẹ̀. Kọ́ìlì ló wà nínú agolo rẹ̀ dípò òòfà, kọ́ìlì kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí èyí bá ṣiṣẹ́ níhà kan tí kò ṣiṣẹ́ níhà kejì nígbà tí iná dé ojú wáyà méjèèjì, kọ́ìlì ìhà yẹn ti já.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ gbé bátìrì kan mọ́tò tààrà pẹ̀lú wáyà tó nípọn bíi ti jọ́ǹpà. Fún oníwáyà méjì, ẹ yí pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù padà, yóò yí sí òdìkejì. Iná á ta pàrà, torí náà kí táǹkì epo jìnnà. Bí mọ́tò bá ń yí ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì kò gòkè, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rewáyà: ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, tàbí sùkúrúù ìtúsílẹ̀ ṣí, tàbí irin kékeré tó so mọ́tò mọ́ pọ́ǹpù ti jẹ.

Sùkúrúù ìtúsílẹ̀ yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti di ọkọ̀ mú. Ẹ yí i sí òsì díẹ̀díẹ̀, ẹ má yọ ọ́ tán. Kí èèyàn méjì gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kí ẹ ti irin ìdúró rẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ tún fi okùn tàbí igi líle gbé e ró. Ẹ́ńjìnnì 115 lè wúwo ju 150 kilo lọ, irin ìdúró nìkan kò tó gbójú lé tí ọwọ́ èèyàn bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó bá gòkè tán nìkan ni kí ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bó bá wà nílẹ̀, ọ́ìlì lè tú jáde lójijì. Ẹ yọ ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì.

Ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo agbègbè mọ́tò kí ẹ tó tú bóòtù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dè é. Iyanrìn tó bá kó sínú pọ́ǹpù á há sójú fáàfù, wàhálà rẹ̀ á sì ju ti mọ́tò lọ. Iyọ̀ máa ń lẹ bóòtù mọ́ alumíníọ̀mù, ẹni tó bá fi agbára yí i á gé e sínú. Ọ́ìlì tó ń wọnú ìpẹtà ni kí ẹ fọ́n sí i, kó sùn mọ́jú, kí ẹ wá fi iná yá ara rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́.

Kí ẹ tó tú ìdérí mọ́tò, ẹ fi ohun mímú fa ìlà kan láti ara agolo dé ara ìdérí. Lórí mọ́tò olóòfà méjì, bí ìdérí tó gbé kábọ̀n bá ṣì lọ sí òdìkejì nígbà ìtòpadà, ẹ ó tẹ ìgbésókè, yóò máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fi hámà lu agolo. Òòfà inú rẹ̀ ń fọ́ bí àwo ni.

Ohun tó bá dà jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ omi pupa rẹ́súrẹ́sú tó kún fún ẹ̀kúnná ìpẹtà, òde ló ti wọlé: ẹnu ibi tí wáyà ti jáde lókè, oríńgì (rọ́bà roboto) ìdérí, tàbí ihò wínníwínní tí ìpẹtà ti jẹ sára agolo. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì, síìlì ọ̀pá mọ́tò níbi tó ti wọ pọ́ǹpù ló ti jẹ, ẹ ó sì bá kábọ̀n tó há sínú ilé rẹ̀. Nígbà mìíràn ìpẹtà máa ń wú lẹ́yìn òòfà títí yóò fi ṣí i kúrò lára agolo, á wá máa fọwọ́ kan armature. Ẹ ha ìpẹtà náà dànù, kí ẹ fi epoxy lẹ òòfà padà sójú ibi tó wà gan-an, kẹ́yìn rẹ̀ má yí.

Ẹ fi sípírítì fọ armature, kí ẹ sá a gbẹ dáadáa. Bàbà tí kábọ̀n ń fẹnu kàn, sáńpépà 400 ni kí ẹ fi dán an, kí ẹ fi 600 parí i. Ẹ má lo emery aláṣọ tí fíítà fi ń ha irin. Ẹ̀kúnná rẹ̀ ń há sáàrin bàbà, iná sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi abẹ́ ayùn irin tí ẹ ti lọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ máíkà àárín bàbà, èyí tí kì í gbé iná, wọlé díẹ̀, bí ìdajì mìlímítà. Ẹ wá fi mítà wọn láti bàbà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀pá irin: kò gbọdọ̀ dún rárá. Láti bàbà kan sí èyí tó tẹ̀lé e, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ dọ́gba yí po. Bí èyí tó já tàbí tó kan irin bá wà, ọ̀rọ̀ wíwé tuntun nìyẹn.

Kábọ̀n tó bá ti kéré ju ìdajì gígùn rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kábọ̀n gidi ẹ́ńjìnnì yìí kò wọ́pọ̀ ní Làgéré ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìsọ̀kùn ní Iléṣà, ṣùgbọ́n ti kíkì wà níbi gbogbo. Ẹ ra èyí tó tóbi díẹ̀, kí ẹ fáìlì rẹ̀ títí yóò fi máa lọ bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ilé rẹ̀. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi dí i ni kábọ̀n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin (grinder) tó ń lo iná NEPA, torí ó kéré, kò sì wọ́n. Kò bá a mu. Bàbà pọ̀ nínú kábọ̀n oní-12 volt kí iná púpọ̀ lè gbà á kọjá. Ti NEPA kò rí bẹ́ẹ̀, yóò gbóná, mọ́tò kò sì ní lágbára. Tí ẹ bá ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà kábọ̀n, ẹ má jẹ́ kó fà wọ inú wáyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáyà á le gan, kábọ̀n kò ní lè tẹ̀ síwájú bó ṣe ń jẹ.

Nígbà ìtòpadà, oríńgì tuntun ni o, àti síìlì tuntun, gírísì ọkọ̀ ojú omi lójú gbogbo wọn. Ẹ mú èyí tó jẹ lọ sọ́jà, kí wọ́n fi wọn ọ̀tun. Ẹ ha agolo mọ́ títí dé ojú irin, kí ẹ kun primer, kí ẹ kun ọ̀dà epoxy lé e, pàápàá etí ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń dúró sí. Sìlíkóónù tí ẹ bá fọ́n sórí oríńgì àtijọ́ kò ní dí nǹkan kan.

Ọ́ìlì tí ìwé ẹ́ńjìnnì bá dárúkọ ni kí ẹ rọ sí i. Ọ̀pọ̀ ń gba ATF, ọ́ìlì jíà ọ̀tọ̀matíìkì. Búréèkì ọ́ìlì á jẹ gbogbo síìlì inú rẹ̀. Ẹ ti sùkúrúù ìtúsílẹ̀ pa, kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ẹ máa dá a dúró lókè láti fi kún ọ́ìlì títí ìfóòfó á fi tán. Ẹ wá fi sílẹ̀ lókè mọ́jú láìsí irin ìdúró, kí ẹnikẹ́ni má sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, mọ́tò kọ́: fáàfù pọ́ǹpù tàbí síìlì sílíńdà ni kí ẹ tú.