Páàsì Tó Bá Mi Nídìí Ọ̀fadà

Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn láti kọ́ ìbejì kí wọ́n máa páàsì bọ́ọ̀lù sí ẹlòmíràn, kí ó wá bá mi ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta. Ọmọ bíi méjìlá ni mo ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní ọ̀sán Sátidé, lórí pápá oníkọnkéré kan tí irin agbọ̀n rẹ̀ kan ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà. Táyé àti Kẹ́hìndé wà nínú wọn. Ìyá wọn ń ta ìrẹsì ọ̀fadà ní Kútọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ Táyé, Kẹ́hìndé ni yóò jù ú sí, bí Kẹ́hìndé bá sì gbà á, Táyé náà ni yóò dá a padà fún, tí àwọn mẹ́ta yòókù yóò máa sáré lọ sáré bọ̀ bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìnáwó tí wọn kò gbé oúnjẹ fún. Nígbà tí mo bá wọn wí, Kẹ́hìndé fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, "Kóòṣì, ẹ ní ká máa páàsì, a sì ń páàsì, sà."

Mo wá kó gbogbo wọn jókòó. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nígbà tí James Naismith dá eré yìí sílẹ̀ ní ìlú Springfield ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1891, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ibi tí o bá ti gbà á ni wàá ti jù ú fún ẹlòmíràn, nítorí náà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń páàsì kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá bọ́ọ̀lù lu ilẹ̀ kiri. Ohun kan ṣoṣo tó wọ̀ wọ́n létí nínú gbogbo àlàyé mi ni pé apẹ̀rẹ̀ èso ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe agbọ̀n, àti pé ẹnì kan ní láti gun àkàsọ̀ lọ yọ bọ́ọ̀lù jáde. A jiyàn títí lórí ẹni tí ì bá máa gun àkàsọ̀ náà ká ní Abẹ́òkúta ni. (Èmi ni wọ́n yàn.)

Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ Hakeem Olajuwon kalẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, tó bá Houston Rockets gba ife-ẹ̀yẹ NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1994 àti 1995. Mo ní bí ọkùnrin yẹn ṣe tóbi tó nì, bí ẹni méjì bá wá há a mọ́, ó mọ̀ pé ẹni márùn-ún péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, pé bí méjì bá ti dojú kọ òun, ẹnì kan ti wà níbì kan tí kò ní olùṣọ́, ẹni náà ni yóò sì ju bọ́ọ̀lù sí. Mo ní, "Ẹ má wo ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Ẹni tí kò ní olùṣọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò." Mo tún ṣe òfin lé e pé bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ àwọn márààrún kí ẹnikẹ́ni tó jù ú sáwọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ wọn bí a ti ń fi ọwọ́ méjèèjì mú bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, tí a óò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tí a óò tì í jáde títí àtàǹpàkò méjèèjì yóò fi dojú kọ ilẹ̀, kí ó lè bá ẹni tí a jù ú sí ní àyà gẹ́lẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ Láfẹnwá ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá bá wa figagbága, mo lọ ra aṣọ eré funfun tuntun fún ara mi.

Ọjọ́ pé. Òfin mi ló kọ́kọ́ pa wá. Táyé yóò dúró sábẹ́ agbọ̀n láìsí ẹni tó dí i lọ́wọ́, yóò sì máa ka àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú, yóò ní, "Ó ku Kúkúrú! Kúkúrú ò tíì fọwọ́ kàn án!" A kò ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá 24 tí ikọ̀ tó mú bọ́ọ̀lù ní láti fi jù ú sáwọ̀n, rẹ́fírí ló ń fẹnu kà á, bó bá sì ti ń sún mọ́ ogún, gbogbo èrò á gbè é lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń ka owó èésú. Mo ń pariwo pé, "Ẹ jù ú sáwọ̀n!" títí ohùn mi fi há.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ìbejì dé, ó gbé ọ̀fadà fún mi nínú ewé, pẹ̀lú ata tí òórùn irú rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. N kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti àárọ̀. Mo dìde dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, mo gbé ewé náà sí àyà, mo ju pọ̀nmọ́ kan sẹ́nu. Rẹ́fírí ti ka mọ́kàndínlógún. Táyé wo ọ̀tún, wọ́n ti ṣọ́ Kúkúrú. Ó wo òsì, ọmọ kan dúró gbọin-in níwájú Kẹ́hìndé bí àpáta Olúmọ. Ó wo ẹ̀yìn, kò sí àyè níbẹ̀ náà. Ni ojú wa bá ṣe mẹ́rin, mo sì rí i pé ẹ̀kọ́ ti yé ọmọ náà wàyí. Mo fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n pọ̀nmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń sáré gbé mì.

Ká má parọ́, páàsì náà dára. Ó gbé ẹsẹ̀ síwájú, àtàǹpàkò méjèèjì dojú kọ ilẹ̀, bọ́ọ̀lù kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, àyà mi ló bọ́ sí gẹ́lẹ́, níbi tí ọ̀fadà wà.

Rẹ́fírí fọn fèrè, ó gbé bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ Láfẹnwá, ó sì yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì nítorí epo. Ìyá Ìbejì sáré wá. Mo rò pé èmi ló ń bọ̀ wá bá kẹ́dùn, ewé tó fàya ló bẹ̀rẹ̀ wò, ó ní, "Kóòṣì, pọ̀nmọ́ méjì ni mo fi síbẹ̀ o. Ìkejì dà?" Ó ṣì wà lẹ́nu mi, n kò lè dáhùn.

Nígbà tí mo pe Táyé, mo bi í pé ṣé èmi wà nínú ikọ̀ ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ni wọn ò ṣọ́, sà."

Wọ́n nà wá lálùbami lọ́jọ́ náà, ata ọ̀hún kò sì tíì kúrò lára aṣọ funfun yẹn di òní olónìí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, mo tú àkàrà mi. Bí mo ṣe gbé ojú sókè, Kẹ́hìndé ti dúró síwájú mi, ó kẹ̀yìn sí mi, ó tẹ orúnkún, ó na apá méjèèjì bí ẹyẹ. Ó ní, "Ẹ máa jẹ, Kóòṣì. Mo ti ń ṣọ́ yín."