Ẹ̀wù kan ló jẹ ọdún yìí tán

Ẹ kú òpin ọdún o. Bí mo bá ní kí n máa ka oṣù kọ̀ọ̀kan fún yín, irọ́ ni màá pa. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ló gba ọdún yìí: ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọ̀gbọ̀ funfun, irú èyí tí àwọn obìnrin ààfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀ láyé Ọba Henry VIII, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n fi sílíkì dúdú ṣe ọnà sí etí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ rántí àwòrán Jane Seymour, ìyàwó kẹta ọba náà, tí ayàwòrán Hans Holbein yà ní nǹkan bí 1536, èyí tó wà ní Vienna, nílẹ̀ Austria. Wúrà àti àrán ni ojú aráyé ń lọ sí lára rẹ̀. Ọrùn-ọwọ́ lèmi ń wò.

Nígbà tí mo fi fọ́tò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Màmá, ó ní, "Òwú dúdú lórí aṣọ funfun? Ta ló kú?" A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí oṣù Kẹfà gbé dé, ẹ ṣeun fún ìpè, fún àdúrà, fún ìrẹsì. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí aṣọ, aṣọ kì í béèrè pé báwo lara.

Ẹ yẹ ọ̀gbọ̀ wò kí owó tó jáde. Ẹ gbé rúlà lé e, ẹ ka fọ́nrán tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan ní òòró, ẹ tún kà á ní ìbú. Tèmi jẹ́ 14 lápá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ aṣọ tó wà lọ́jà kì í rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ 14 lápá kan, 12 lápá kejì, àpẹẹrẹ ọnà tó gba fọ́nrán 28 lápá méjèèjì á di mílímítà 20 lápá kan, 23 lápá kejì, òdòdó róbótó á wá rí bí ẹyin. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí ẹ tó gé e, torí ọ̀gbọ̀ ń súnkì. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí sísọ́ọ̀sì tọ ojú ọ̀nà tó fi sílẹ̀.

Gígé rẹ̀ ò le. Ara ẹ̀wù jẹ́ aṣọ gbọọrọ kan tí a ṣẹ́ po lórí èjìká, kò sí ojú rírán níbẹ̀. Apá méjì, aṣọ onígun mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìsàlẹ̀ lè fẹ̀, àti ìrépé 15 sí 15 sẹ̀ǹtímítà lábẹ́ abíyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fo ìrépé yẹn, ọjọ́ tó bá nawọ́ sókè ni aṣọ máa ya. Aṣọ wọ́n láyé ìgbà náà, wọn kì í gé e ṣòfò. Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń to aṣọ òkè pọ̀ di agbádá mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa.

Etí ọwọ́ gan-an ni ọdún lọ sí. Kí a tó gé e kúrò lára aṣọ ni a ti ń ṣe ọnà sí i, ká lè nà án sórí férémù. Sẹ̀ǹtímítà 22 ni, ìyẹn fọ́nrán 308. Àpẹẹrẹ onífọ́nrán 28 wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá géérégé. Bí kò bá pín dọ́gba, òdòdó á gé sí méjì níbi okùn ìso. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kú ni kí ẹ lò, nọ́ńbà 26, torí àárín fọ́nrán ló yẹ kó gbà, kò gbọdọ̀ gún fọ́nrán. Kí òwú má gùn ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á hu irun.

Bí a ṣe ń rán ọnà náà nìyí: à ń gba orí fọ́nrán méjì, à ń gba abẹ́ méjì, títí dé òpin; àlọ nìyẹn. A wá yí padà, a dí àlàfo; àbọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn àti iwájú á rí bákan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó níbi tí ẹ̀yìn aṣọ ti ń hàn. Nígbà àlọ, ẹ̀ka tó bá yà lára ìlà, ẹ bá a dé òpin, ẹ dí i bọ̀, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀ka tí ẹ bá gbàgbé títí àbọ̀ fi kọjá rẹ̀, òwú tuntun ló kù, tàbí kí ẹ na òwú dúdú fo lẹ́yìn aṣọ. Ọ̀gbọ̀ funfun kì í sì í bo àṣírí. Nígbà àbọ̀, kí abẹ́rẹ́ yọ lókè òwú tó wà nínú ihò, kó wọlé nísàlẹ̀ èyí tó kàn, bẹ́ẹ̀ ni títí. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ìlà á ṣe ségesège.

Ẹ rẹ sílíkì sómi, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́jà kan ta èyí tó ń ṣí aró fún mi. Ọlọ́run á bá wa dá a.

Wọ́n máa ń ní Catherine ti Aragon, ìyàwó àkọ́kọ́ Henry VIII, ló kó iṣẹ́ yìí wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Sípéènì ní 1501. Àmọ́ Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1400, ti sọ̀rọ̀ ẹ̀wù obìnrin tí wọ́n fi sílíkì dúdú bí èédú ṣe ọnà sí. Èyí tó ṣẹ́kù láyé ò pọ̀, torí irin wà nínú aró dúdú wọn, irin náà ló ń jẹ òwú. Lára òmíràn, ihò abẹ́rẹ́ nìkan ló kù.

Ọwọ́ ọ̀tún ni Màmá rí. Nígbà tí ti òsì parí, n kò mọ ẹni tí màá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí. Mo fi ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá mi. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe èyí tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí nìyí?" Ọkùnrin!

Fìlà ọ̀gbọ̀ ló kàn, ti ìparí ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, olówùú aláràbarà pẹ̀lú okùn fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò. Ẹ máa gé irú okùn yẹn kúkúrú, torí bó bá ń gba inú aṣọ léraléra, fàdákà á bó, sílíkì inú rẹ̀ á yọjú. Mo ti ra díẹ̀. Owó rẹ̀ ò ṣeé sọ létí ọmọdé. Ẹni bá bèèrè ìgbà tó máa parí, ẹ sọ fún un pé lẹ́yìn Àjíǹde. N kò sọ Àjíǹde ọdún wo.