Ẹ Má Tètè Kọ “Olùwà, Ọ̀rọ̀-Ìṣe, Àbọ̀” Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Ètò Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi ní kí ẹ sọ bí èdè kan ṣe ń to olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ nínú gbólóhùn. Tó bá jẹ́ Yorùbá, kíá ni ẹ ó dáhùn: Adé ra ìwé. Olùwà ló ṣíwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, àbọ̀ kẹ́yìn. Ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì kọjá. Ibi tí ẹ sáré kọjá yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Èrò tó yẹ kó kọ́kọ́ kúrò lọ́kàn yín ni pé báyìí ni gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, Ìgbò, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì, kó tún fi Faransé kún un, lè rò pé òun ti rí èdè oríṣiríṣi. Bẹ́ẹ̀, ètò kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Nínú èdè 1,376 tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Matthew Dryer tò sínú àtẹ WALS (World Atlas of Language Structures) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 488 ló ń ṣe bíi tiwa. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí ìparí, bí ẹni ń sọ pé “Adé ìwé rà”, jẹ́ 564. Kò dìgbà tí ẹ bá dé Japan tàbí Turkey kí ẹ tó gbọ́ irú rẹ̀: èdè Ìjọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní Àrògbò, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítòsí àwọn Ìlàjẹ tó ń sọ ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Èdè 95 ló ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣíwájú, tí olùwà tẹ̀ lé e, tí àbọ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó bá lọ sí ilé-kéwú ti gbọ́ ìyẹn náà rí: nínú qāla Mūsā, ‘Mūsā sọ’, ọ̀rọ̀-ìṣe ló kọ́kọ́ jáde.

Ètò mẹ́ta tó kù, tí àbọ̀ ti ń ṣíwájú olùwà, kò pọ̀ rárá: èdè 25 ló ń to ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀, olùwà; 11 ń to àbọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe, olùwà; 4 péré ló ń to àbọ̀, olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀kan nínú àwọn èdè 11 yẹn ni Hixkaryana ní Bràsíl, tí Desmond Derbyshire ṣàlàyé rẹ̀ ní 1977. Toto yahosɨye kamara: ‘ọkùnrin’, ‘mú’, ‘ẹkùn’. Ẹkùn ló mú ọkùnrin o, ọkùnrin kọ́ ló mú ẹkùn. Ó dùn mọ́ni, àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ìwádìí tí mo ń kà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jókòó sórí irú èyí, bí ẹni pé àrà ni èdè ń dá.

Èyí tó yẹ kí ẹ jókòó tì ni ohun tí ètò yìí ń fà lẹ́yìn. Ẹ wo Yorùbá: ka ìwé, ní Tokyo, ìwé Taro. Ẹ wá wo èdè Japan: hon o yonda, Tokyo de, Taro no hon. Ìwé ni hon, yonda ni ‘kà’, o sì ń fi hàn pé hon ni àbọ̀. De ń ṣe iṣẹ́ ‘ní’, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Tokyo ló dúró sí. Ẹni tó ni ìwé náà ṣíwájú ìwé. Bí ẹni wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí ni: ibi gbogbo tí tiwa ti ṣíwájú ni tiwọn ti kẹ́yìn. Joseph Greenberg ló la ojú wa sí i ní 1963, nígbà tó fi èdè 30 gbé àbá 45 kalẹ̀. Yorùbá wà nínú 30 yẹn. Ó ní àwọn èdè tó ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣíwájú olùwà máa ń fi ọ̀rọ̀-atọ́kùn (irú bíi ‘ní’) ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, pé àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe kẹ́yìn sì sábà máa ń fi tiwọn sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìwé ni Adé rà. Àbọ̀ ti ṣíwájú, àbí? Àtẹnumọ́ ló gbé e síbẹ̀. Àjòjì tó bá gba gbólóhùn yìí lẹ́nu wa láìbéèrè ohun tí à ń dáhùn yóò kọ ìkọkúkọ nípa èdè wa. Ṣùgbọ́n ilé kíkọ́ ń kọ́? Ọmọ títọ́? Níbẹ̀, kò sí àtẹnumọ́ kankan, àbọ̀ sì ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ti sọ di orúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkọ́ ilé náà tọ̀nà. Àwọn Ewe ní Tógò ń ṣe ohun tó jọ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́: Kofi ɖu nu, ‘Kofi jẹun’, àmọ́ Kofi le nu ɖum, ‘Kofi ń jẹun’. Nu, ìyẹn nǹkan jíjẹ, ti fò kọjá ọ̀rọ̀-ìṣe. Òǹkà tiwa náà kò dúró sójú kan. À ń sọ pé ọdún mẹ́wàá, ọdún mọ́kàndínlógún. Tó bá di ogún, ogún ọdún ni. Ọdún mọ́kànlélógún tún padà sẹ́yìn, títí di ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà tí ẹ bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ni èdè, ẹ má sọ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Ètò Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò dá padà fún yín, nítorí ìteríba. Ẹ ní kí wọ́n pa àlọ́, tàbí kí wọ́n ròyìn bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni kí ẹ máa fi wo ètò, kì í ṣe arọ́pò-orúkọ: Faransé ń sọ Marie voit Paul, ‘Marie rí Paul’, ṣùgbọ́n Marie le voit, ‘Marie rí i’, tí arọ́pò-orúkọ le ti ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ gbólóhùn tí olùwà àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ gidi. “Mo ti rà á” là ń gbọ́ lójoojúmọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ óò gbà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kà á. Dryer ní òṣùwọ̀n tó rọrùn: bí ètò kan bá fi ju ìlọ́po méjì lọ pọ̀ ju èyí tó tẹ̀ lé e nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀, òun ló borí. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé kò sí èyí tó borí. Èdè 189 ló wà ní ìsọ̀rí yẹn nínú àtẹ rẹ̀. Jámánì wà níbẹ̀: ich sehe den Hund ni wọ́n ń sọ tí gbólóhùn bá dá dúró, ‘mo rí ajá’, tó bá bọ́ sínú gbólóhùn mìíràn, ó di dass ich den Hund sehe, ‘pé mo rí ajá’, ọ̀rọ̀-ìṣe á bọ́ sí ìparí. Bí olùdánwò bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ kò mú ọ̀kan, ẹ ṣí ojú ìwé tí òǹkà yín wà fún un.