Kí ẹ tó sọ pé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí wọ́n yá kò tó owó tí wọ́n ń pè é

Bí wọ́n bá yá agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wá sí ikọ̀ yín, tí àríyànjiyàn wá ń lọ lórí bóyá kí wọ́n rà á pátápátá tàbí kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín, ẹ kọ́kọ́ gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀yìn fún ikọ̀ àdúgbò wa n'Íbàdàn títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí ipò yẹn kọ́ mi ni pé kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ wa ni iṣẹ́ wa ti ń parí. Ẹni tó fi ara ṣánlẹ̀ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ atamátàsé, tí gbogbo èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun náà ló ti sùn lọ ṣáájú, tí eré àsápajúdé fi di dandan fún un.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Chelsea yá Fikayo Tomori, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wọn, fún AC Milan. Chelsea ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára. Frank Lampard, akọ́nimọ̀ọ́gbá Chelsea nígbà náà, ti lò ó ní Derby County ní sáà 2018/19, nígbà tí wọ́n yá a lọ síbẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní Derby lọ́dún náà. Lampard yìí kan náà ló wá gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Chelsea. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmọ náà kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ítálì ni wọ́n lé Lampard fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Àdéhùn wọn ni pé bí sáà bá parí, tó bá wu Milan, kí wọ́n rà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 28 owó Yúrò. Ọ̀rọ̀ owó yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wa. Àwọn kan ní ọmọ wa ni, kí wọ́n san án kíákíá. (Àwọn wọ̀nyí kò tíì dárí ji ọmọ náà pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yàn láti gbá bọ́ọ̀lù fún, síbẹ̀ ọmọ wọn ni.) Àwọn mìíràn ń bú wa pé mílíọ̀nù 28 fún ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Alága, Arsenal ni wọ́n, ẹnu wọn kì í sinmi. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn kì í ṣe lídà. Ṣé ẹ ti rí i kó na ìka sí ẹnikẹ́ni rí? Lídà a máa jágbe mọ́ èèyàn!"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni wọ́n ra Simon Kjær?"

Kò sẹ́ni tó rántí, bẹ́ẹ̀ Kjær, tó ń gbá ẹ̀yìn pẹ̀lú Tomori ní Milan, yíyá ni wọ́n yá òun náà wá. Láti Sevilla ló ti dé Milan ní oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ rà á pátápátá lọ́dún náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ Yúrò péré ni wọ́n san. Òun sì ni balógun ikọ̀ Denmark nígbà náà. Ẹ rántí ọjọ́ tí Christian Eriksen, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ikọ̀ náà, ṣubú lulẹ̀ lórí pápá ní Copenhagen lóṣù kẹfà ọdún 2021: Kjær ló kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, ló ní kí àwọn yòókù dúró yí i ká kí kámẹ́rà má baà rí i, òun náà tún wà lára àwọn tó lọ di ìyá àwọn ọmọ Eriksen mú níbi tó ti ń sunkún. Bí a bá ń wá aṣáájú lórí pápá, kí la tún ń wá? Síbẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Kjær ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n rà á, Tomori sì jẹ́ ọmọ ọdún 23. Owó ọdún tó kù lẹ́sẹ̀ ni àwọn ikọ̀ ńlá ń san, pẹ̀lú owó eré sísá, àti iye ọdún tó kù nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọgbọ́n àti ohùn, ẹ̀dínwó ni wọ́n fi ń rà wọ́n, torí pé ọ̀dọ̀ àgbà ni wọ́n sábà máa ń wà, àgbà kò sì ṣeé tún tà. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ọmọkùnrin kan kò tó mílíọ̀nù 28 nítorí pé kì í pariwo, ẹ sọ fún un pé ọjà méjì ló ń pa pọ̀.

Ẹ tún wo ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi kì í dá agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan wò láé. Méjì-méjì ni mo máa ń wò wọ́n. Stefano Pioli tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Milan nígbà náà máa ń gbé ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè títí dé itòsí ààrin pápá, kí kálukú sì di ẹni tirẹ̀ mú. Ilẹ̀ gbalasa ló máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn wọn. Kjær á ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Tomori ló ní ẹsẹ̀ tó lè sáré padà lọ bo àlàfo yẹn.

Àwọn oṣù wọ̀nyẹn, àrùn kòrónà ti lé èrò kúrò ní San Siro, ohùn àwọn agbábọ́ọ̀lù a sì máa jáde lórí tẹlifíṣọ̀n tí olùsọ̀rọ̀ bá dákẹ́ díẹ̀. Mo máa ń bẹ olówó ilé ìwòran kó gbé ohùn sókè, jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ dáadáa. Kì í ṣe èdè Ítálì ni mo ń gbọ́ o. Àkókò ni mo ń fetí sí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà, kí àtakò tó gba bọ́ọ̀lù ló ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á dúró dìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé, á wá na ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa bi aṣọ́lé léèrè. Irú ariwo kejì yìí ni àwọn èèyàn ń pè ní lídà.

Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Milan san owó náà. Tomori ti fi orí gbá góòlù wọlé fún wọn ní ilé Juventus, 3-0, wọ́n sì ti padà sí Champions League tí wọn kò dé láti sáà 2013/14. Owó ìdíje yẹn nìkan mú kí mílíọ̀nù 28 fúyẹ́. Ní oṣù Kejìlá, orúnkún Kjær já nínú ìdíje pẹ̀lú Genoa, sáà rẹ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí líìgì ń lọ sópin, Pierre Kalulu, ọmọ tó kéré sí Tomori, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀ di ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Milan gba líìgì ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2022, èyí tí wọ́n gbà kẹ́yìn ti tó ọdún 11.

Tí ẹ bá ń fẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀, Tyrone Mings ni kí ẹ wò. Bournemouth yá a fún Aston Villa ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òun ló wà lẹ́yìn lọ́jọ́ tí Villa na Derby ti Tomori 2-1 ní Wembley láti gòkè sí Premier League. Àwọn méjèèjì, ẹni tí wọ́n yá ni. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn ni Villa fi rà á, àfikún sì wà tó lè gbé e kọjá mílíọ̀nù 26. Ọ̀pọ̀ ní owó náà ti pọ̀ jù. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Sofia, àwọn ará Bulgaria ń fi àwọ̀ ara bú àwọn agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tuntun yìí ló yíjú sí olùrànlọ́wọ́ rẹfirí pé ṣé ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá eré dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ta tẹ́tẹ́ bá yín sọ iye tí ènìyàn tó. Góòlù kan tó ba ìwé wọn jẹ́ lálẹ́ Sátidé ti tó fún wọn láti dá ènìyàn padà sí ibi tí wọ́n ti yá a. Ẹ wo àdéhùn náà pẹ̀lú: bóyá "tó bá wù wọ́n" ló wà níbẹ̀ ni tàbí "dandan ni". Bó bá jẹ́ dandan, a kàn ń fi ẹnu gbóná ni, wọ́n ti rà á.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Mings fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé rẹ̀ ti gbá sí i nínú àpótí tiwọn ní Bruges, pẹnárítì, Villa pàdánù 1-0. Alága fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. "Lídà yín rèé o!" Mo ní kí wọ́n ka iye ọdún tí Villa ti jẹ lórí owó náà, láti 2019. Wọ́n ní kí n fi Mings sílẹ̀, kí n wá sọ̀rọ̀ nípa William Saliba, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Arsenal tiwọn, tí àwọn yá lọ yá bọ̀ káàkiri ilẹ̀ Faransé láì tà á, tó wá di òpó ilé àwọn. Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ NEPA ti mú iná dé, olówó ilé ìwòran ti ń pa jẹnẹrétọ̀, ó ní kí gbogbo wa máa lọ sílé.